Bí ẹ ṣe lè fi ọkọ̀ páálí kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ ọnà àti ìmọ̀ ẹ̀rọ

Ọmọ tí wọ́n bí sí Èpé ti mọ ọkọ̀ ojú omi kó tó mọ ABD. Ó ti rí i bí wọ́n ṣe ń já ẹja sílẹ̀ fún àwọn ìyá ọjà Olúwo, ó sì ti rí ọkọ̀ tí ẹrù tẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kí omi wọ inú rẹ̀. Ohun tí ojú ọmọ ti rí ló yẹ ká fi kọ́ ọ ní bí èèyàn ṣe ń ronú kó tó ṣe nǹkan. Ìdí nìyẹn tí ìlànà yìí fi dá lórí ọkọ̀ kékeré tí a fi páálí ṣe, fún kíláàsì 4 sí 6. Olùkọ́ tó wà ní Ìkòròdú tàbí Àgbádárìgì náà lè lò ó bó ṣe wà, ọmọ etí omi ni gbogbo wọn.

Nínú ètò ẹ̀kọ́ ìjọba, abẹ́ Basic Science and Technology ni iṣẹ́ yìí bọ́ sí. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé olùkọ́ á ya òòlù àti ayùn sójú pátákó, ọmọ á dà á kọ sínú ìwé, wọ́n á lu agogo, ó parí. Ọmọ náà lè gba 10 nínú 10 láìtíì fọwọ́ kan ohunkóhun. Àṣìṣe kejì ni ti olùkọ́ tó fúnra rẹ̀ ṣe ọkọ̀ kan tó rẹwà, tó gbé e sórí tábìlì, tó ní kí gbogbo kíláàsì ṣe irú rẹ̀. Ọkọ̀ púpọ̀ á jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n èrò ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú wọn. Ẹ má gbé àpẹẹrẹ kankan síwájú wọn.

Ọ̀sẹ̀ 6 ni iṣẹ́ náà gbà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 40 nígbà kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ 2 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á ṣe, inú èkejì sì ni ẹ̀kọ́ wà. Bí àkọ́kọ́ bá rì, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ tí àyè ò gbà, tó wá dúró lórí ọkọ̀ kan, kò tíì kọ́ wọn ní iṣẹ́ yìí.

Ohun èlò

Ọmọ 40 la fi ṣe ìṣirò yìí: ẹgbẹ́ 10, ọmọ 4 nínú ẹgbẹ́ kan. Tí ọmọ bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, iye ẹgbẹ́ ni kí ẹ fi kún. Ẹgbẹ́ tó bá ju ọmọ 5 lọ, ẹni kẹfà kì í rí nǹkan ṣe, eré ló máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nílò ege páálí 3, tó jẹ́ 30 cm ní gígùn, 20 cm ní fífẹ̀: méjì fún ọkọ̀, ọ̀kan fún ìdánrawò. Páálí indómì dára, ti bisikíìtì náà dára. Páálí tẹlifíṣọ̀n nípọn jù, kì í ṣeé ká. Èyí tí òjò ti pa rí, bí wọ́n tiẹ̀ sá a gbẹ, á máa ya níbi tí a bá ti ká a, ẹ má lò ó. Ẹ̀yin olùkọ́ ni kí ẹ fi abẹ gé àwọn ege náà sílẹ̀ láti ilé, kí ìwọ̀n wọn lè bára mu régé. Tí ti ẹgbẹ́ kan bá fẹ̀ ju ti èkejì lọ, a ò ní mọ̀ bóyá ọgbọ́n wọn ló gbé ẹrù tàbí páálí wọn. Ẹ tún wá àbẹ́là ààbọ̀, ọ̀rá ìrajà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ 1 tí kò níhò, sísọ́ọ̀sì 1, rúlà 1, péègì aṣọ 4, ìdérí ìgò kan tó kún fún gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, àti bírò kan tí yíǹkì rẹ̀ ti tán. Ẹ má fojú kéré bírò yẹn, iṣẹ́ ńlá wà fún un.

Sísọ́ọ̀sì tó ti kú ló ń gé ọmọ lọ́wọ́ ju èyí tó mú lọ, nítorí ọmọ á fi agbára tẹ̀ ẹ́, á sì yọ̀. Ẹ pọ́n wọn ṣáájú. Ẹ kà wọ́n nígbà tí ẹ ń pín wọn, ẹ tún kà wọ́n kí agogo tó lù. Ọmọ tó bá fẹ́ fi sísọ́ọ̀sì lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kó pa ẹnu rẹ̀ dé, kó di ẹnu náà mú, kó na ìdí rẹ̀ sí ẹni tó ń gbà á.

Báàfù ìfọṣọ 2, tí omi inú rẹ̀ jìn tó 12 cm, ni ibi ìdánwò. Ẹ má kó ọmọ lọ sétí ọ̀sà láti dán ọkọ̀ wò. Omi tó ń rú kì í jẹ́ ká mọ ohun tó rì ọkọ̀, ọmọ 40 létí omi lábẹ́ ojú olùkọ́ kan sì léwu gidi. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n mọ bí ọkọ̀ ńlá ṣe rí, ẹ bẹ ọ̀kan nínú àwọn tó ń kan ọkọ̀ ní Èpé kó wá sí kíláàsì pẹ̀lú àjẹ̀ àti irin iṣẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè kan péré tó fún un: kí nìdí tí ìdí ọkọ̀ fi fẹ̀ tó bó ṣe fẹ̀?

Òṣùwọ̀n

Ẹrù tí kò ní ìwọ̀n kò lè kọ́ni ní nǹkan kan. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan, 50 cl, wúwo tó 500 gíráàmù, torí mìlílítà omi 1, gíráàmù 1 ni. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rá ló pé, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ da omi inú rẹ̀ sínú ìgò mínírà 50 cl kí ẹ fi mọ̀. Ẹ má fi ọ̀rá omi fúnra rẹ̀ ṣe ẹrù inú ọkọ̀ o. Ó rọ̀, tí ọkọ̀ bá fì díẹ̀, ibi tó fì sí ni omi á ṣàn sí, ọkọ̀ á sì dojú dé.

Iyanrìn gbígbẹ ni ẹrù. Ẹ so hangà aṣọ kọ́ sójú fèrèsé kó lè máa mì fàlàlà, kí ẹ so àpò ọ̀rá méjì tó dọ́gba kọ́ sí etí rẹ̀ méjèèjì. Ó gbọ́dọ̀ dúró gún lófìfo. Tí kò bá dúró gún, ẹ sún okùn apá kan. Ẹ wá gbé ọ̀rá omi sí apá kan, kí àwọn ọmọ pọn iyanrìn sínú ọ̀rá kéékèèké 5, kí wọ́n kó wọn sí apá kejì títí hangà á fi gún. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ọ̀kan wọn ọ̀kan títí gbogbo márùn-ún á fi dọ́gba. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ti di 100 gíráàmù nìyẹn. Àpò 20 ni ẹ nílò, 10 fún báàfù kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kìíní nìyí, iṣẹ́ àwọn ọmọ sì ni. Ẹ má wọ̀n ọ́n sílẹ̀ fún wọn.

Iṣẹ́ tí a gbé fún wọn, àti yíya àwòrán

Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó báyìí: “Ìyá kan fẹ́ gbé agbọ̀n ẹja 5 gba ojú omi lọ sí ọjà Olúwo. Fi páálí kan ṣe ọkọ̀ tí yóò gbé àpò iyanrìn 5, tí yóò léfòó fún ìṣẹ́jú 5, tí ẹnu rẹ̀ yóò sì fi ó kéré tán 1 cm ga ju omi lọ.” Ẹ wo bó ṣe rí: ó sọ ẹni tó ni ọkọ̀, ó sọ ẹrù, ó sọ àkókò, ó sọ ìwọ̀n. Kò sọ bí ọkọ̀ náà á ṣe rí. Ibi tí ọmọ á ti ronú nìyẹn.

Kí páálí tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ya èrò 2 tó yàtọ̀ síra, òun nìkan. Tí ẹ bá gbé yíyà fún ẹgbẹ́, ọmọ tó lẹ́nu jù ni yóò yà á, àwọn mẹ́ta tó kù á máa wò. Àwòrán bí ọkọ̀ ṣe rí láti òkè àti bó ṣe rí láti ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú ìwọ̀n gígùn, fífẹ̀ àti gíga. Àwòrán tí kò ní ìwọ̀n, ẹ dá a padà. Ìrésà kò sí: èrò tó bá yí, kí ọmọ fa ìlà lé e, kó ya òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀yin náà lè rí ọ̀nà tí ó gbà. Lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ́ á tò èrò 8 sílẹ̀, tí wọ́n á mú ọ̀kan, tí wọ́n á sì sọ ìdí tí wọ́n fi mú un.

Yorùbá ni kí ẹ fi bi wọ́n. “Níbo ni omi á ti kọ́kọ́ wọlé? Kí lo rí tó o fi sọ bẹ́ẹ̀? Bí ẹrù bá sún sápá kan ńkọ́?” Ọmọ tó ń wá gẹ̀ẹ́sì kiri kò ní ráyè ronú nípa ọkọ̀. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì lédè Yorùbá fún ọdún 6 gbáko, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé èdè wa kò gbà á. Odi ọkọ̀, ìdí ọkọ̀, ẹnu ọkọ̀, igun, ìkájọ, ìwúwo: ẹ kọ wọ́n sára ògiri, kí ọmọ máa lò wọ́n.

Gígé àti kíká

Bírò tí yíǹkì rẹ̀ tán ti dé ibi iṣẹ́ rẹ̀. Páálí tí a kàn fọwọ́ ká máa ń wó gba ibi tó wù ú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé rúlà lé ìlà, kí wọ́n fi ẹnu bírò náà tẹ ìlà yẹn ní ẹ̀ẹ̀mejì, kó ṣe kòtò láìya. Páálí á wá ká síbẹ̀ gẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn ìlà méjì àkọ́kọ́ lórí ege ìdánrawò ni ọwọ́ wọn tó máa mọ́ ọn.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa fẹ́ gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò kí odi lè dìde. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ṣe é fún ọkọ̀ kìíní, ojú ara wọn ni wọ́n á fi rí àbùkù rẹ̀. Etí páálí tí a gé ni omi ń gbà wọlé. Ẹ fi hàn wọ́n: ihò kéékèèké tò láàárín ìwé méjì, omi á sì gba ibẹ̀ gùn bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà. Nígbà tí a bá ká igun sínú bí ìdí àpò ìwé, tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ odi, tí a fi péègì há a, kò sí etí gígé kankan nísàlẹ̀ omi. Gbogbo rẹ̀ wà lókè ní ẹnu ọkọ̀. Gọ́ọ̀mù náà gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú. Tí wọ́n bá gbé e sómi lọ́jọ́ náà, á yọ́ padà di wàrà, igun á sì ṣí.

Ohun tí yóò dínà omi kù. Àbẹ́là wà, ọ̀rá wà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kó yan tirẹ̀. Àbẹ́là: kí wọ́n fi í pa gbogbo ìta ọkọ̀ ní tútù, ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí wọ́n dúró lórí igun àti ìlà kíká títí á fi máa dán. A kì í yọ́ ọ. Àbẹ́là gbígbóná máa ń lẹ̀ mọ́ awọ ọmọ, iná sì kò ní iṣẹ́ kankan ní kíláàsì yìí. Ọ̀rá: kí wọ́n fi ẹyọ kan wé ìta ọkọ̀ látòkè délẹ̀, kí ó ṣẹ́ wọ inú tó 2 cm, kí ẹ fi sítépùlà kàn án ní ẹnu ọkọ̀. Gọ́ọ̀mù kì í mú ọ̀rá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Pínnì sítépùlà kan ṣoṣo ní ìdí ọkọ̀, ihò méjì ni.

Ìdánwò

Ọkọ̀ òfìfo ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé sómi. Ṣé ó tẹ́jú? Èyí tó bá ti fì sápá kan lófìfo, ìkájọ rẹ̀ ni kò dọ́gba. Lẹ́yìn náà, àpò kan, ní àárín gbùngbùn; kí wọ́n ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá; kí akọ̀wé kọ ọ́; kó tó di àpò kejì. Ọmọ tó bá da àpò 3 sí i lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ rẹ̀ á rì, kò sì ní mọ ìdí.

Tí ó bá ń rì, ẹ má yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ tẹjú mọ́ ibi tí omi ti ń wọlé, kí wọ́n kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, torí lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2 kálukú á ti ní ìtàn tirẹ̀. Bí omi bá gba igun wọlé, ìkájọ tàbí gọ́ọ̀mù ló ní ẹ̀bi. Bí ìdí ọkọ̀ bá wú sísàlẹ̀ kó tó rì, páálí ti rọ̀, àbẹ́là kò kárí. Bí ó bá yí dànù tòun ti ẹrù, ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù tàbí ẹrù kò sí láàárín. Bí ó bá tẹ́jú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí omi kàn gorí odi wọlé, odi ló kúrú. Ìdí mẹ́rin, àtúnṣe mẹ́rin. Olùkọ́ tó bá mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí kò nílò ìwé mìíràn lọ́jọ́ náà. Kíláàsì á pariwo, ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo, ṣùgbọ́n ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi ẹgbẹ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ rì ṣe yẹ̀yẹ́. Àkọsílẹ̀ wọn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ kà sókè.

Ọkọ̀ kejì

Níbí ni ìṣirò ti wọlé, ẹ má sáré kọjá rẹ̀. Páálí kan náà ni gbogbo wọn ní, 30 sí 20. Odi tó bá ga, ìdí ọkọ̀ á kéré. Ìdí tó bá fẹ̀, odi á kúrú. Kí wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra wọn. Odi 1 cm: ìdí á jẹ́ 28 sí 18, àyè inú rẹ̀ 504 cm³. Odi 2 cm: 26 sí 16, àyè 832. Odi 3: 24 sí 14, àyè 1,008. Odi 4: 22 sí 12, àyè 1,056. Odi 5: 20 sí 10, àyè 1,000. Odi 6: 18 sí 8, àyè 864. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé nọ́ńbà náà ń gòkè, ó dé 4, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ kíláàsì 5 tó bá rí èyí kò ní béèrè mọ́ pé kí ni ìsọdipúpọ̀ wúlò fún.

Àyè 1 cm³ tí ọkọ̀ bá gbà nínú omi, gíráàmù 1 ló lè gbé. Archimedes ará Gíríìsì ti rí òfin yìí ní ohun tó ju 2,200 ọdún sẹ́yìn. Nítorí náà, kí wọ́n fi gígùn ìdí ọkọ̀ wọn sọ fífẹ̀ rẹ̀ di púpọ̀, kí wọ́n fi èyí tó bá jáde pín 500, wọ́n á mọ ibi tí omi á dé kí wọ́n tó gbé e sómi. Odi 2 cm: ọkọ̀ á wọlé tó 1.2 cm, á ku 0.8, ó ti kùnà. Odi 3: á wọlé 1.5, á ku 1.5. Odi 4: á wọlé 1.9, á ku 2.1. Odi 6 náà yege lórí ìwé, á ku 2.5, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ tó jẹ́ 8 cm péré kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó máa ń yí. Odi 1 cm kò tilẹ̀ nílò ìdánwò: 504 ni gbogbo àyè rẹ̀, ẹrù 500, páálí àti àbẹ́là sì ní ìwúwo tiwọn.

Kí wọ́n fi bírò fa ìlà sára ọkọ̀ níbi tí ìṣirò wọn sọ pé omi á dé. Tí omi bá kọjá rẹ̀ díẹ̀, ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló fà á. Tó bá kọjá rẹ̀ púpọ̀, ìwọ̀n wọn kò péye. Irú ìlà yìí wà lára ọkọ̀ òkun ńláńlá. Samuel Plimsoll ló jà fún un ní ilé aṣòfin Ìlú Ọba, òfin 1876 sì sọ ọ́ di dandan, torí àwọn ọlọ́kọ̀ ń di ẹrù kọjá agbára, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ sì ń kú. Ọmọ Èpé lóye èyí kíákíá, ẹ kàn bi í pé kí ló dé tí ọkọ̀ fi gbọ́dọ̀ ní iye èrò.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹgbẹ́ yí padà láti ọkọ̀ kìíní sí èkejì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú. Bí wọ́n bá yí odi, igun àti àbẹ́là padà lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ lè dára sí i, ṣùgbọ́n wọn ò ní mọ èwo ló ṣe é. Ẹgbẹ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ yege nígbà àkọ́kọ́ náà kò bọ́: kí wọ́n wá bí yóò ṣe gbé àpò 7.

Kíláàsì 6 tó bá yá lè fi ẹ̀rọ sí i. Igi tín-ín-rín 2 tàbí ọparun tí a ti yún ẹ̀gún rẹ̀ kúrò, kí wọ́n yọ 7 cm jáde lẹ́yìn ọkọ̀, kí àlàfo 7 cm wà láàárín wọn. Ẹ gé túúbù kẹ̀kẹ́ sí òrùka òrùka, kí ẹ fi ọ̀kan há igi méjèèjì, kí ẹ ki ike pẹlẹbẹ 5 cm sí 4 cm sáàárín rẹ̀, kí ẹ yí i ní ìgbà 15. Bí ọkọ̀ bá ń fà sẹ́yìn, ẹ yí i sódìkejì. Bí igi bá ń tẹ̀ wọnú, rọ́bà le jù.

Máàkì

Nínú 10: àwòrán tó ní ìwọ̀n, 2, kíká àti lílẹ̀, 2, àkọsílẹ̀ ìdánwò, 3, àtúnṣe àti ìdí rẹ̀, 3. Kò sí máàkì fún ọkọ̀ tó gbé ẹrù jù. Tí ẹ bá fi ẹ̀bùn sí ìyẹn, lọ́jọ́ kejì ẹ máa rí ọkọ̀ tí bàbá ẹnì kan ṣe. Gbogbo iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ jáde ní kíláàsì. Ẹ máa pààrọ̀ ipò láàárín ẹgbẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: oníwọ̀n, agépáálí, alẹ̀gọ́ọ̀mù, akọ̀wé. Tí ẹ kò bá ṣọ́ ọ, ọmọbìnrin ló máa ń di akọ̀wé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, sísọ́ọ̀sì kò sì ní dé ọwọ́ rẹ̀.

Kíláàsì 1 sí 3 kò tíì tó gbé èyí. Ẹ fún wọn ní ìwé, ìdérí ìgò, ewé, èèpo àgbọn àti òkúta, kí wọ́n sọ èyí tó máa léfòó kí wọ́n tó jù ú sómi, kí wọ́n sì kọ́ kíká àti títẹ ìlà.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ sá ọkọ̀ méjèèjì gbẹ, ẹ so wọ́n kọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán àti àkọsílẹ̀ wọn, èyí tó rì àti èyí tó léfòó, kí òbí tó bá wá sí ìpàdé rí méjèèjì. Ẹ gbé wọn ga díẹ̀. Eku fẹ́ràn àbẹ́là.